Ẹ̀kọ́ 13: Kí ló dé tí itan fi ń dun ni lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ òkè?

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ara wa. Ẹ kọ́kọ́ kà á jẹ́jẹ́ fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè fún ẹnìkan nínú ilé tí kò tíì mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè gba owó yín là, ó sì lè pa ìjà.

1. ÌTÀN

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, olùkọ́ àwọn àgbà ni mí ní agbègbè Ṣábẹ. Ẹni tó bá ti dé Ṣábẹ rí, ó mọ àwọn òkè olókùúta ńlá tó wà níbẹ̀. Ní ọdún kan, àwa ará kíláàsì fẹ́ kọ́ àtíbàbà tí a ó máa kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀. A nílò òkúta fún ìpìlẹ̀ rẹ̀. A bá gbéra, a lọ kó òkúta lórí òkè. Àwa mẹ́sàn-án ni a lọ: ọkùnrin mẹ́fà, obìnrin mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi kan wà lára wa, aránṣọ ni. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń jókòó sí.

Gígun òkè náà le. À ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò wá, bẹ́ẹ̀ sì ni abọ́ òfìfo ni a gbé lọ. Nígbà tí a di òkúta sínú abọ́, tí a rù ú, tí a ń sọ̀ kalẹ̀, èémí wa balẹ̀. À ń sọ̀rọ̀, à ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi aránṣọ ní: "Ẹ̀yin ará, gígùn ni iṣẹ́, sísọ̀ kalẹ̀ eré ni!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìgbà mẹ́fà ni a lọ tí a bọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó kàn rẹ̀ wá ni. Kò sí ibi tó ń dun ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, itan wa bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ di ẹkún. Èmi fúnra mi kò lè lóṣòó. Bí mo bá fẹ́ jókòó sórí àpótí, mo ní láti di ògiri mú. Ti ọ̀rẹ́ mi aránṣọ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Àmọ́ àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n bá wa lọ, kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Wọ́n ń lọ sí ọjà wọn bí ìṣe wọn.

Ọ̀rẹ́ mi wá ronú báyìí pé: "Ìjẹta ni a ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, ọjọ́ náà gan-an ni ìbá ti dùn mí. Àwọn obìnrin yẹn náà ṣiṣẹ́, kò dùn wọ́n. Ẹnìkan ló sin oògùn sójú ọ̀nà tí mo tẹ̀ ẹ́." Ó fura sí aládùúgbò rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń fa ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà, ó sì bú u níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò fèsì. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Kò tán síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi pe ẹni tó ń kiri oògùn. Ó ra àwọn hóró aláwọ̀ méjì tí kò mọ orúkọ wọn, ó san 2.500 fúráńkì.

Ṣé òótọ́ ni ó tẹ oògùn? Ẹ jẹ́ ká wo bí ara wa ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó dáhùn.

2. Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ ẸRAN ARA Ń GBÀ ṢIṢẸ́

Ẹran ara ló ń mú kí apá àti ẹsẹ̀ wa lè ṣiṣẹ́. Ó so mọ́ egungun. Bí ó bá fà, egungun a tẹ̀ lé e.

Ẹ dán èyí wò. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú garawa kékeré. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e. Ẹ wá fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún yín mú lókè ìgúnpá, níwájú.

Àkọ́kọ́: ẹ ká apá, kí garawa gòkè. Ẹran apá yóò kó ara jọ, yóò sì yọ gọnbu. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kúrú.

Èkejì: ẹ dá garawa dúró lójú kan. Ẹran apá le, ṣùgbọ́n kò kúrú, kò sì gùn. Ó kàn dì í mú ni.

Ẹ̀kẹta: ẹ sọ garawa náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Apá ń nà, ẹran rẹ̀ ń gùn sí i, síbẹ̀ ó ṣì le lábẹ́ ọwọ́ yín. Ó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́ ni, garawa ìbá jábọ́ gbì! Ẹran náà ń fà sókè, ẹrù náà ń fà á sísàlẹ̀, ẹrù ló sì ń borí díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà kẹta yìí ni kókó ẹ̀kọ́ wa: ẹran ara ń ṣiṣẹ́, nǹkan mìíràn sì ń nà án nígbà kan náà.

Ẹ ronú nípa ẹni tó fi okùn fa màlúù. Bí màlúù bá ń tẹ̀ lé e, kò sí wàhálà. Bí màlúù bá yàgò, tó ń wọ́ ọ lọ, tí òun náà kò sì jọ̀wọ́ okùn, ìgbà yẹn ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa bó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹran ara rí.

Nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹran iwájú itan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orúnkún ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Ẹran itan dì í mú kí a má baà ṣubú. Bí orúnkún sì ti ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹran náà ń nà. Ìgbésẹ̀ kan kò já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n mélòó ni a gbé láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà mẹ́fà?

3. KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ẸRAN NÁÀ?

Bí ẹ bá se ẹran màlúù títí tó fi jinná dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ń ya fọ́nrán fọ́nrán bí òwú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran ara tiwa náà rí. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ló pé jọ. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan tún dà bí ẹ̀wọ̀n, ojú ẹ̀wọ̀n kékeré púpọ̀ ló so mọ́ra. Ojú wa lásán kò lè rí wọn. Nínú gígùn mìlímítà 1 péré, wọ́n tó nǹkan bí 400. Gbogbo wọn ló ń kúrú díẹ̀díẹ̀ pa pọ̀ tí ẹran fi ń fà.

Kì í ṣe gbogbo ojú ẹ̀wọ̀n ló lágbára bákan náà. Bí ẹrù bá ń na ẹran tó ń ṣiṣẹ́, àwọn tó lágbára a dúró, àwọn tí kò lágbára a nà jù. Òmíràn a pàdà sí ipò rẹ̀. Òmíràn kò ní lè pàdà. Bí irú èyí bá pọ̀, awọ tó bo fọ́nrán náà a ya níbì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ohun tó yẹ kó wà níta a wọlé, wọn a sì ba nǹkan jẹ́ sí i.

Ohun mìíràn tún wà. Tí a bá ń sọ ẹrù kalẹ̀, fọ́nrán tí ara ń pè sí iṣẹ́ kò tó iye tó ń pè nígbà tí a bá ń gbé e sókè. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í rẹ̀ wá púpọ̀, tí èémí wa sì ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: bí ènìyàn mẹ́rin bá gbé òpó tó yẹ kí mẹ́wàá gbé, ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Yóò wúwo! Fọ́nrán díẹ̀ yẹn ló ń jẹ gbogbo ìyà náà.

Nítorí náà, ohun tó dà bí eré lójú wa lórí òkè, òun gan-an ló ṣe itan wa léṣe.

4. KÍ LÓ DÉ TÍ KÒ DÙN WÁ LỌ́JỌ́ NÁÀ?

Ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi nìyí, ó sì dára bí ìbéèrè.

Nígbà tí fọ́nrán bá ya, agbára ẹran a dín kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora kò tíì dé. Ara ní láti rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá láti inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wá kó ohun tó bàjẹ́ kúrò. Omi a tẹ̀ lé wọn wá síbẹ̀. Ẹran a wú díẹ̀, a sì le. Ibẹ̀ a wá di ẹlẹgẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí fífọwọ́kàn lásán yóò fi máa dunni. Gbogbo èyí ń gba wákàtí púpọ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyí:

Ọjọ́ iṣẹ́: ó rẹ̀ wá, agbára dín kù, kò sí ìrora.
Ọjọ́ kejì: ìrora bẹ̀rẹ̀.
Láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin: ìrora dé ògógóró rẹ̀.
Lẹ́yìn bí ọjọ́ 5 sí 7: ìrora lọ. Agbára lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kó tó pé padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1902, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Theodore Hough, kọ̀wé nípa ìrora tó ń pẹ́ kó tó dé yìí. Ó ní ó jọ pé nǹkan kan ló ya nínú ẹran. Ní ọdún 1983, àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí àwọn ènìyàn máa gun àpótí kan kí wọ́n sì máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi ń gòkè nígbà gbogbo, ẹsẹ̀ kejì ló ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ wo ló ń dùn wọ́n? Èyí tó ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ ni. Ara kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹsẹ̀ kan péré. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ gbà ṣiṣẹ́ ló fà á?

Àwọn kan máa ń sọ pé omi kíkan tí iṣẹ́ ń dá sínú ẹran ló ń fa ìrora ọjọ́ kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kíkan náà máa ń kúrò láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Gígun òkè ló sì ń dá a sílẹ̀ jù, kì í ṣe sísọ̀ kalẹ̀.

5. KÍ LÓ DÉ TÍ KÒ DUN ÀWỌN OBÌNRIN NÁÀ?

Mo lọ bi wọ́n. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn rín mi rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ọmọ mi, láti kékeré ni mo ti ń ru igi sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn. Ẹ̀yin ni ẹ jẹ́ àlejò níbẹ̀."

Ìdáhùn pé! Lẹ́yìn tí ẹran bá ya díẹ̀, tó sì san, ó máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí irú iṣẹ́ kan náà bá tún dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìpalára rẹ̀ a kéré púpọ̀. Àwọn onímọ̀ mú àwọn eku sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí ibi tó dagun. Wọ́n rí i pé ojú ẹ̀wọ̀n tuntun kún àwọn fọ́nrán ẹran kan ní itan wọn. Ẹran ara ń kọ́ ẹ̀kọ́ bíi tiwa. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ di gègé mú, ṣé ìka yín kò dùn yín? Lónìí ńkọ́?

Ṣùgbọ́n bí a bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ẹran a gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí òjò àkọ́kọ́ fi ń dun àgbẹ̀ lára ju ìyókù lọ. Ó ti sinmi ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó fẹ́ kọ ebè títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ́, ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn itan ń nà, wọ́n sì ń di ara rẹ̀ mú kó má ṣubú síwájú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú òkè tiwa.

6. KÍ NI KÍ A ṢE?

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀:
Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ṣe ìwọ̀nba. Ẹ fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kún un. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ gbé ìgbésẹ̀ kéékèèké, kí ẹrù má wúwo jù. Kí á na ẹsẹ̀ na apá ká tó bẹ̀rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò lè dènà ìrora yìí.

Bí ìrora bá ti dé:
Ẹ má dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ máa rìn jẹ́jẹ́. Ìrìn díẹ̀ máa ń mú kó rọ̀. Kí ẹnìkan fi ọwọ́ ra á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kó má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni gún iyán. Ẹ mu omi dáadáa. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin, nítorí wọ́n wúlò fún àtúnṣe ẹran ara. Ẹ má ru ẹrù wúwo lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Agbára yín kò tíì pé, ẹ lè ṣubú.

Ẹ má ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn oògùn ìrora kan wà tó lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá bí omi kò bá tó lára ẹni tó lò ó. Bí ẹ bá nílò oògùn, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé ìtajà oògùn tí ìjọba fọwọ́ sí.

Ẹ SÁRÉ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí:
– ìtọ̀ dúdú tàbí pupa rúsúrúsú bíi tíì tó le
– itan tàbí apá tó wú gan-an, tó le bí igi
– ìrora tó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin, dípò kó máa lọ
– ibà pẹ̀lú ìrora
– ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó sì gbóná
– ìrora tó já wọlé lójijì nínú iṣẹ́, bí ẹni pé wọ́n sọ òkò lu ni

Kí ló dé tí ìtọ̀ dúdú fi burú? Bí ẹran tó bàjẹ́ bá pọ̀ jù, ìdọ̀tí rẹ̀ a bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, a sì lọ dí kíndìnrín. Ó lè pa ènìyàn. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣeré. Ẹ má dúró di ọ̀la.

7. ÌPARÍ ÌTÀN

Ní ọjọ́ keje, ọ̀rẹ́ mi dìde, ó rìn, kò sí ìrora mọ́. Ìrora mi náà ti lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni èmi kò lo hóró oògùn kan. Mo ṣàlàyé fún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní: "Àwa mẹ́fà ló dùn. Ṣé àwa mẹ́fà ni a jọ tẹ oògùn kan náà ni?" Òun fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó mú mi dání lọ sí ilé aládùúgbò rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Àìmọ̀ ló ṣe mí." Ọkùnrin náà wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní: "Iwájú àwọn wọ̀nyí lo ti bú mi. Iwájú wọn náà ni kí o ti tún un sọ." Ọ̀rẹ́ mi tún un sọ. Wọ́n gbé àga fún wa, wọ́n fún wa lómi mu. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀, kò tíì tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kí ara wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òkúta kò tó. A padà lọ sórí òkè. Ìgbà mẹ́ta péré ni a lọ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹrù tó fúyẹ́. Ní ọjọ́ kejì, itan wa le díẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo wa ló lóṣòó láti to òkúta ìpìlẹ̀.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A Ó KỌ SÍNÚ ÌWÉ WA

fọ́nrán – ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú
ojú ẹ̀wọ̀n – òrùka kọ̀ọ̀kan tó so pọ̀ di ẹ̀wọ̀n
wú – kí ara kún, kó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ
kíndìnrín – ohun inú ara tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń ṣe ìtọ̀

ÌBÉÈRÈ

1. Nínú gígùn òkè àti sísọ̀ kalẹ̀, èwo ló ń ṣe ẹran itan léṣe jù? Kí ló fà á?
2. Ọjọ́ wo ni ìrora máa ń pọ̀ jù?
3. Kí ló dé tí kò dun àwọn obìnrin mẹ́ta náà?
4. Ẹ dárúkọ nǹkan mẹ́ta tó yẹ kó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.
5. Ẹ jíròrò: iṣẹ́ wo ní abúlé yín ló ń mú ara ro yín nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ẹran ibo ló ń nà nínú iṣẹ́ náà?

ÌṢIRÒ

Ẹnì kan ru òkúta kílò 15 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ó lọ ní ìgbà 6 lọ́jọ́ kan. Kílò mélòó ló rù? Bí ó bá pín in sí ọjọ́ 3, kílò mélòó ni yóò máa rù lọ́jọ́ kan? Èwo ni ẹ ó yàn fún ara yín?